Jẹnẹrétọ̀ Tí Káfíńtà Fi Téèpù Wọ̀n

Rìwáyà, má dá mi lóhùn! Má tíì dá mi lóhùn rárá, gbé irin gbígbóná ọwọ́ ẹ yẹn kalẹ̀ kó o fetí sí mi, torí ìwọ gan-an ni mo wá bá, ìwọ ni mo fẹsẹ̀ rìn nínú òjò wá bá, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ káfíńtà tí mo fẹ́ sílé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbé jẹnẹrétọ̀ tí ò ju àpò ìwé ọmọléèwé lọ wá sínú ayé mi, tó ń dún mọ́ mi létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí bátìrì kan ṣoṣo ò sì kún rí! Ẹ gbà mí o! Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́? Ṣé ohun tó o kọ sínú ìwé fún wa nìyẹn?

Mi ò jókòó. Mo ní mi ò jókòó! Àga ẹ yẹn náà, wáyà ló kún orí ẹ̀. Orí ń fọ́ mi, ẹsẹ̀ mi tutù, inú sì ń bí mi débi pé tí mo bá jókòó mo lè má lè dìde mọ́, jẹ́ kí n dúró síbí kí n sọ tẹnu mi. Àbí o rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ló gbé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí ara ẹ̀ ò yá? Ọkọ mi ń bẹ lórí ibùsùn nínú bọ́ọ̀sì tí à ń gbé, nínú ọgbà ilé ìwé lọ́hùn-ún. Láti àná ló ti ń bì. Mo fi aṣọ bò ó, mo tan jẹnẹrétọ̀ yín fún un kí fíríìjì lè tutù díẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn láti ìta kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń sáré kiri má bàa jí i, kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi, mo wá forí lé ọ̀dọ̀ ẹ. Torí náà má wò mí bí ẹni tó kàn wá pariwo.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń pe ọkùnrin yẹn ní "wọ́n". Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn, wọ́n ní kí n wá. Lónìí, "ó" ni! Ó lágídí! Ó ya olórí kunkun! Kí ẹ̀kọ́ ilé máa dúró dè mí nílé, tí mo bá padà débẹ̀ màá tún gbé e wọ̀.

Ṣé o rí i, ìwọ náà mọ bí a ṣe ń gbé. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ló yọ àwọn àga inú ẹ̀ dànù tó sọ ọ́ di ilé fún wa, ibùsùn lẹ́yìn, ibi ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́, fíríìjì kékeré, iná, fáànù, bátìrì ńláńlá mẹ́rin lábẹ́ ibi tí mò ń jókòó sí ránṣọ. Ibi tí iṣẹ́ bá ti pè é la ń wa ilé wa lọ. Ilé ìwé yìí ní bẹ́ǹṣì tó ti kán, ilé ìwé tọ̀hún ní ilẹ̀kùn tí ò padé mọ́, òun á máa kan igi, èmi á máa rán ìbòrí tìmùtìmù fáwọn ará àdúgbò. Mi ò ráhùn. Ṣé o gbọ́ kí n ráhùn rí? Ẹnu mi ló sọ pé ayé yẹn wù mí, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi gun bọ́ọ̀sì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó ṣe fún mi, ọ̀kan ṣoṣo! Mo ní bàbá, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ yín gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, fíríìjì ò gbọdọ̀ kú, torí náà ẹ jẹ́ ká ra jẹnẹrétọ̀ tó lè bọ́ bátìrì wa yó. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn o! Ẹ̀mí ẹ̀ ló wà nínú fíríìjì yẹn, kì í ṣe omi tútù.

Ó ní òótọ́ ni. Ó ní ká pe ìwọ rìwáyà, tí òun ń pè ní àbúrò, kó o wá bá wa ṣírò ẹ̀. O wá. Mo fi tíì gbà ọ́ lálejò, o mu ún, o wo ṣájà wa níwájú àti lẹ́yìn, o kọ ìwé. Ìwé ọ̀hún rèé! Mo ká a mọ́ ìdí ìró wá, wò ó, òjò ò kàn án. Kí lo kọ? Kà á! O ní bátìrì mẹ́rin yẹn, tí wọ́n bá ṣófo, ṣájà tó ń fún wọn níná á máa fa ẹgbẹ̀rún wáàtì ó lé igba, òun nìkan o! O ní ká ro ti fíríìjì mọ́ ọn. Ká ro fáànù mọ́ ọn. O ní ká má sì ṣe rà á mọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ká fi àyè sílẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá ń lò tán pátápátá lójoojúmọ́, kì í pẹ́ dákú. O wá kọ ẹgbàá wáàtì sí ìsàlẹ̀, o fi ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ṣé o ò fi ìlà sábẹ́ ẹ̀ ni?

Hẹn-ẹn. O fi ìlà sábẹ́ ẹ̀. Ó dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ, kó o tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀sì wa, ó ti kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti kan ilé fún jẹnẹrétọ̀ kó tó mọ jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ rà! Ó ní bí a bá ń rìnrìn àjò, ibẹ̀ ló máa wà kó má máa yí gbiiri káàkiri. Igi pupa, Rìwáyà. Ó fá a títí ojú ẹ fi ń hàn nínú ẹ̀, ó kùn ún ní fáńíìṣì lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìdè idẹ sí ilẹ̀kùn ẹ̀. Èmi tí mo bí ọmọ fún un, kò kan irú ẹ̀ fún mi rí! Ọjọ́ tó wá fẹ́ lọ ra ẹ̀rọ, mo ní ìwé Rìwáyà rèé o, mú un dání. Ó fi ìwé sílẹ̀ sórí tábìlì, téèpù ló mú. Mo ní téèpù! Káfíńtà kì í fi téèpù sílẹ̀ ká tó sin ín.

Hààà. Kí ni mo sọ yẹn? Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde.

Mo tẹ̀lé e débẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ẹni tó ń tajà ní, bàbá, kí lẹ fẹ́ kó máa gbé? Ó ní dúró ná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na téèpù sí gígùn eléyìí, ó na án sí ìbú tọ̀hún, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́, ó ń mi orí bí ẹni tó ń ra pósí fún ẹni tó ti mọ gíga ẹ̀. Kò bi í léèrè wáàtì kan! Ojú tì mí, mo ń wo òrùlé. Èyí tó o kọ sínú ìwé wà níbẹ̀ o, pupa, ó dúró dáadáa, ó ní táyà méjì. Ó fi téèpù lé e. Ó fi ìka méjì gùn ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ìka méjì! Mo ní bàbá, ẹ ní ayùn nílé, ẹ gé kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wò mí bíi pé mo ní kó gé ọmọ. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun rèé, òun ò ní tìtorí ẹ̀rọ bà á jẹ́. Ló bá mú èyí tó kéré, ìdajì ohun tó o kọ, torí pé ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù ṣáá! Nígbà tó gbé e délé tó tì í síbẹ̀, ó wọlé wọ̀ọ̀, ó pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀. Ó ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Wàyí o, tìẹ ló kù! Má yí ojú kúrò. O wá so ó pọ̀, orí koríko níta la gbé e sí lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ń ràn. O tan ṣájà, jẹnẹrétọ̀ kérora lẹ́ẹ̀kan, ó kú. O tún un tàn, ó tún kú. O ní ẹ̀gbọ́n, eléyìí ò lè gbé e o. Ó dára, o sọ ọ́, mi ò ní pa irọ́ mọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí lo wá ṣe? Ó fi ọwọ́ bà ọ́ léjìká, ó ní àbúrò mi, mo mọ̀ pé o gbọ́n, wá nǹkan ṣe sí i. O gbọ́ "o gbọ́n", orí ẹ wú! O yí ṣájà sílẹ̀, o dín ohun tó ń fà kù, o ní ó máa ṣiṣẹ́, kò kàn ní yára ni. Ọwọ́ ẹ yìí ló yí i! Ohun tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ì bá fi wákàtí mẹ́ta ṣe kó sì sinmi, tìẹ ń fi odindi ọjọ́ ṣe é, kò sì ṣe é tán. A jí, a tàn án. A jẹun ọ̀sán, ó ń dún. Oòrùn wọ̀, ó ń dún. Bátìrì kò dé ìdajì. Ṣé ẹ̀dá èèyàn ló yẹ kó máa gbé pẹ̀lú nǹkan tí kì í panu dé?

Jẹ́ kí n parí! O ti ń la ẹnu láti ẹ̀ẹ̀kan, kò tíì kàn ẹ́.

Lánàá òde yìí mo ṣí fíríìjì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fọwọ́ kan ìgò abẹ́rẹ́, ó dà bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo ké sí Jésù. Torí mo ti ń rí i, ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún ni mo ti ń rí i pé ara ọkùnrin yìí kò pé, mo sì ti sọ nínú mi pé abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́, ṣúgà ti gun orí. Káfíńtà tí kì í ṣi pákó gé! Ó gé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kúrú. Ó gé òmíràn, ó kúrú. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo téèpù bí ẹni tí kò lè ka nọ́ńbà mọ́, ó ní ìyàwó mi, orí ń fọ́ mi láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo ní ẹ sùn. Ó sùn. Ó jí, ó burú jù bó ṣe sùn lọ. Níbo lo ti gbọ́ ọ rí pé èèyàn sùn kí ara ẹ̀ tún wá burú sí i?

Tó bá wá jáde lọ sí ibi iṣẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì, tó bá lo wákàtí kan níbẹ̀, ojú ẹ̀ á là. Mo bá ní àárẹ̀ kọ́, ọ̀lẹ ni, ó kàn fẹ́ sá fún àwọn àwo tí mo ní kó bá mi gbé ni. Mo bú u o. Mo bú u dáadáa.

Èmi náà ńkọ́? Orí ń fọ́ mi! Mo sọ fún ẹ nígbà tí mo wọlé pé orí ń fọ́ mi. Àmọ́ wò ó, bí mo ṣe ń rìn bọ̀ ló ń fúyẹ́. Ìwọ ni mo fẹ́ wá bú, àfi bíi pé ìbínú náà ń ṣe mí lóore.

Kí ló dé tó o fi ń wò mí báyẹn? Dúró, o ò tíì gbọ́ ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àbúrò ọkọ mi obìnrin wá kí wa, èyí tí kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Òjò dé, ó ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀, mo ní kó sùn sórí ibùsùn wa, mo tẹ́ aṣọ tuntun fún un, mo bu oúnjẹ fún un kó tó dùbúlẹ̀. Kò lò ju wákàtí méjì lọ! Ó jí, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó bì sí ẹnu ọ̀nà mi, ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó ní mo ti fi nǹkan sóúnjẹ òun. Èmi! Ó ní ohun tí mò ń fún ẹ̀gbọ́n òun jẹ nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n òun fi ń rù, ó ní wọ́n á gbọ́ ọ nílé. Wọ́n sì ti gbọ́ ọ! Gbogbo ìdílé ló ti pè mí, ẹni tí kò pè mí nígbà tí ìyá mi kú ti pè mí báyìí. Inú ìkòkò kan náà la ti jẹ o, Rìwáyà. Èmi, òun, àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Òòyì kọ́ èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣé mo fún ara mi ní májèlé ni? Ọlọ́run tó dá mi mọ ọwọ́ mi, tí mo bá fi nǹkan kan sí oúnjẹ yẹn, kí n má jẹ òmíràn mọ́!

Mo ti wá ń bẹ̀rù ilé náà fúnra ẹ̀. Mi ò purọ́ fún ẹ. Láàárọ̀ yìí mo gbá ilẹ̀, ọmọńlé mẹ́ta ni mo gbá lábẹ́ ibùsùn. Mẹ́ta! Ọmọńlé tó ń lẹ̀ mọ́ àjà, tí wọn kì í já bọ́, wọ́n nà síbẹ̀ gbalaja, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́ kankan lára wọn. Mo gbá wọn dànù, mi ò sọ fún un. Mo ní kí ni mo fẹ́ pè é? Ara mi ṣá bù máṣọ. Ó dà bíi pé nǹkan kan wà pẹ̀lú wa nínú ibẹ̀ tí ojú wa ò rí, tó ń dúró kí a sùn.

Láti ìgbà wo? Kí ni ti ìgbà wo? Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni, ọjọ́ keje rèé. Àìsàn ò sì kan òjò, má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú, àìsàn kan abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kan fíríìjì, fíríìjì kan bátìrì, bátìrì kan jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì fi téèpù rà! Ìyẹn ni mo wá sọ. Mo fẹ́ kó o dìde, kó o bá mi lọ, kó o wò ó lójú kó o sọ fún un pé kó gé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tàbí kó fi ṣe igi ìdáná, ká ra èyí tó tọ́. Tìẹ ló máa gbọ́.

Níbo ló wà? Kí lo ní níbo ló wà? Jẹnẹrétọ̀ náà? Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni! Níbo ni kó tún wà, ṣé kí òjò pa á ni? Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ló gbé e wọlé, ó ní kí la kan kọ́bọ́ọ̀dù fún? Ó lu ihò sí ara bọ́ọ̀sì fún ẹnu sàléńsà kí ó lè máa tu èéfín síta. Kọ́bọ́ọ̀dù wo? Èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn náà ni, ṣebí ọ̀kan ṣoṣo la ní? Lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn pátápátá.

Kò tilẹ̀ pariwo mọ́ báyìí, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ, ọgbọ́n tèmi nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé wá bá wa ní àwọn ọmọ ò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Káfíńtà ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Èmi ni mo rí i! Mo kó àgékù fóòmù tí mo fi ń ṣe tìmùtìmù, mo rán an bí ẹ̀wù, mo fi wọ kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́rùn, gbogbo ihò tó wà lára ẹ̀ ni mo fi fóòmù dí pinpin, títí kan etí ihò sàléńsà yẹn torí òjò ń gbà á wọlé. Mo wá ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mí, èmi kì í ṣe òmùgọ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí inú ilé sílẹ̀ fún un, kó máa rí afẹ́fẹ́ mí lọ́dọ̀ wa. Ó rọlẹ̀ pẹ́sẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé fúnra ẹ̀ wá dúpẹ́...

Kí ló dé? Rìwáyà! O fi ẹsẹ̀ kọ́ àga! Irin ẹ ṣì wà níná, pa iná irin ẹ, ibo lò ń lọ nínú òjò láì wọ bàtà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní mo tàn án kí n tó jáde. Èmi ni mo tàn án. Ó wà nínú ilé, mo ti sọ fún ẹ, ó ń sùn! Má fà mí lọ́wọ́, mò ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mò ń bọ̀ náà nìyí, kí lo ń sọ, sọ ọ́ kí n gbọ́!

Èéfín wo? Kò sí èéfín! Mo ní mi ò rí èéfín kankan nínú ilé mi, mi ò gbóòórùn ẹ̀, ṣé mi ò lójú ni? Kí lo ní? O ní èyí tó ń pààyàn kì í jẹ́ kí ojú rí òun, kì í rùn... Rìwáyà, rọra, ẹsẹ̀ mi ò lè sá bíi tìẹ. O ní orí fífọ́ ni. O ní èébì ni. O ní tí èèyàn bá jáde síta, á fúyẹ́.

Yéè!

Àbúrò ọkọ mi. Orí ibùsùn yẹn ló sùn sí. Àwọn ọmọńlé. Yéè, mo gbé, èmi ni mo dí i! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dí ihò, mo jókòó mo ń kọrin, mo ń rán an! Mo ní kó máa mí lọ́dọ̀ wa! Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, Rìwáyà, mo fi aṣọ bò ó dé ọrùn, mo ní sùn, mo ní ìgbà tí mo bá fi máa dé á ti fúyẹ́!

Ẹ yà lọ́nà! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ lọ pe ọ̀gá yín, ẹ ní kó pe mọ́tò ilé ìwòsàn, ẹ sáré! Gba kọ́kọ́rọ́, gbà á. Apá òsì lo máa yí i sí. Òsì! Ṣí i! Lọ pa nǹkan yẹn, pa á, ya gbogbo fóòmù yẹn dànù, fọ́ fèrèsé tó bá yẹ kó o fọ́ ọ, fọ́ fáńíìṣì ẹ̀! Kó o má mí o, ìwọ náà má mí nínú ibẹ̀! Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Fa èjìká. Ó wúwo. Jésù, ó wúwo báyìí! Gbé e sórí koríko, jẹ́ kí òjò pa á, kí òjò máa pa á, kí nǹkan kan ṣáà máa kàn án lójú.

Ẹ dìde. Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín pọ́n dáadáa, ẹ wò ó bí ojú yín ṣe ń dán, ẹni tó ń ṣàìsàn kì í pọ́n báyìí, àbí? Rìwáyà, ṣé kì í ṣe pé ó ń yá nìyẹn? Kí ló dé tó o fi mi orí, o ní èéfín yẹn náà ló ń mú ojú pọ́n? Má mi orí sí mi! Ẹ bú mi, bàbá. Ẹ ní ariwo mi ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí n lọ jókòó. Ẹ sọ ọ́, n ó jókòó, mi ò ní fèsì, mo ti búra, mi ò ní fèsì kankan títí ọjọ́ ayé mi.

Gbé etí lé e láyà. Ìwọ, gbé etí lé e, etí tèmi ń dún, òjò ni mò ń gbọ́. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣé ó ń lù? Ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ̀yin ọmọ! Ṣé ó ń mí? Mo rí ẹnu ẹ tó ń mì, Rìwáyà, kí lo ń sọ? Mi ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ lo ti ń la ẹnu, tí mo ń ní kó o jẹ́ kí n parí. Mo ti parí. Wò ó, mo ti fọwọ́ bo ẹnu mi. Sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá mi, sọ ọ́ sókè, mo ti dákẹ́.